Àmì Kan Ṣoṣo Tó Kù fún Onídùúró

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ẹ̀yìn ka ìwé yìí bọ̀ wá síwájú, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ yín. Ojú ewé tí wọ́n ti ń tú àṣírí lẹ kọ́kọ́ ń wá, ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ tó ń rántí pé ìròyìn wà níbòmíràn. Ti Ràsáàkì la fẹ́ gbọ́ lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó ní bóyá ọ̀dọ́kùnrin kan á rí i kà kí ẹnu tirẹ̀ náà tó kó bá a.

Ọdún 1983 ni. Ràsáàkì ló ń mójú tó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ṣakí. Ẹ má fi ẹ̀rọ yìí wé rédíò ilé yín o. Rédíò ilé yín ń sọ̀rọ̀, kò gbèsì. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó ń gbèsì, ó sì ń jiyàn. Ọ̀kan wà ní Ṣakí, ọ̀kan wà ní Ìsẹ́yìn, ọ̀kan ní Ọ̀tu, ọ̀kan ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sínú ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa gbọ́. Bí o bá sọ tìrẹ tán, o ó ní "óvà", kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè mọ̀ pé ó ti kan òun.

Nítorí katakata àti ajílẹ̀ ni wọ́n ṣe rà á. Ṣùgbọ́n aláàánú èèyàn ni Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, ọ̀gá wọn. Ó ní kí àwọn ará ìlú máa wá lò ó lọ́sàn-án, nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Ẹ̀rọ àlejò ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin kan fi dé, ó ní Ládòkun lòun, kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn ará ilé òun ní Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n fa àgbò òun lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ohùn kan dáhùn láti Ìsẹ́yìn.

"Èmi ni Ládòkun. Èmi ni mo ni àgbò. Ìwọ ta ni? Óvà."

Àṣé Ládòkun gan-an ló jókòó ti ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, tó ń jẹ àkàrà, tó ń dúró kó kan òun. Gbájúẹ̀ tó wà ní Ṣakí kò dúró gba ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló bá jáde.

Ọ̀gá Mákindé ní òun á ti ẹ̀rọ àlejò pa. Ràsáàkì bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká máa gba àmì lọ́wọ́ wọn."

"Àmì bíi ti báwo?"

"Bí a ṣe máa ń rán ọmọ níṣẹ́ ni, sà. Bí ìyá mi bá rán ọmọ tí ẹ ò mọ̀ rí wá gba nǹkan lọ́wọ́ yín, wọ́n á ní kó sọ pé àmì ni pé nígbà tí ẹ jọ ríra gbẹ̀yìn, báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá lóòótọ́."

Ọ̀gá gbà. Ràsáàkì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ògiri pé, KÒ SÍ ÀMÌ, KÒ SÍ Ọ̀RỌ̀. Nítorí pé gbogbo ayé ló ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ẹ̀rọ, ó fi òfin kejì sábẹ́ rẹ̀: ÀMÌ TÍ ETÍ KẸTA BÁ TI GBỌ́ TI KÚ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè lo àmì. Bí o bá tún padà wá, tuntun lo máa mú wá. Abíọ́nà, ọmọbìnrin ẹlẹ́nu mímú tó ń bójú tó ẹ̀rọ Ìsẹ́yìn, mọ òfin méjèèjì sórí bí ẹni mọ Fátíà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ náà ni Ṣakí kò ti sùn lọ́sàn-án mọ́. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá fèrèsé Ràsáàkì kún fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó wá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán níbẹ̀. Àmì ni gbogbo wọn wá gbọ́.

"Àmì ni pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ wọ bàtà mi lọ, ẹ fi tiyín tó ti já sílẹ̀ fún mi. Óvà."

"Àmì ni pé ẹ ní ẹ ti yó, mo wá bá yín nílé ìdáná. Óvà."

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹfúnwùmí ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ tó wà lóko ní Ọ̀tu. "Àmì ni pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ìkòkò yẹn, tí ẹ ní ewúrẹ́ ni. Óvà."

Òṣìṣẹ́ Ọ̀tu ló dáhùn. "Bàbá ní àwọn ò mọ àmì yẹn rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Óvà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ́ igi fi gbóná. Òun gan-an Ràsáàkì, kò dá ara rẹ̀ sí. Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹ̀rọ àlejò kí Àsíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó fẹ́ gbé níyàwó lẹ́yìn ìkórè. Lónìí, àmì ni pé o bù mí lómi. Lọ́la, àmì ni pé o ní mùsítáṣì mi ò tíì kún. Gbogbo ohun tó dùn láàárín wọn ló kó fún àwọn abẹ́ igi gbọ́, nítorí pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àmì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn àgbà lára. Àlùfáà kan fẹ́ ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, àmì tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àlùfáà lè sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ń nu ojú, ó ń nu ọrùn. Àánú ṣe Ràsáàkì.

"Ẹ fi sílẹ̀, bàbá. Mo mọ̀ yín." Ó tẹ ẹ̀rọ. "Abíọ́nà, mo dúró fún wọn. Óvà."

"Bí ìwọ bá ti dúró, ó ti tó," ni Abíọ́nà wí. "Óvà."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹni tí Ràsáàkì bá dúró fún, àmì kò kàn án mọ́. Ìlú sọ ọ́ ní Onídùúró. Wọ́n ń gbé wàrà wá fún un, wọ́n ń kí i láti òdìkejì títì. Ó ra jígí dúdú, ó sì ń lò ó nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ti di ẹ̀rí. Ẹ bá mi ro bí ìyẹn ṣe máa dùn mọ́ ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà náà ni iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá Àsíátù. Ahunṣọ ni bàbá yìí, aṣọ òkè rẹ̀ dé Ìlọrin dé Ìbàdàn. Kò le lójú, kì í pariwo, àmọ́ ó ní èèwọ̀ kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sídìí òfì rẹ̀. Ó ti lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ rí nítorí ẹ̀. Bàbá ní kí Ràsáàkì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n wá kọ ebè oko iṣu òun. Kò sí ọkọ ìyàwó tí kì í ṣe é.

Ọjọ́ náà gan-an ni Olúfẹ́mi, olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ wọn, yọjú.

"Onídùúró, ọjọ́ Sátidé là ń gbá bọ́ọ̀lù ife-ẹ̀yẹ. Àwọn Àgọ́-Àmọ̀dù ló kù."

"Sátidé wo?"

"Èyí tó ń bọ̀. Ìwọ ni gólì wa. Bí o ò bá sí ńlé, Mọ́ládé ló máa wọlé."

"Mọ́ládé? Mọ́ládé tó máa ń sá fún bọ́ọ̀lù?"

"Òun náà ni. Bẹ bàbá ìyàwó rẹ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú."

"Kí n ní kí ni? Bí mo bá ní bọ́ọ̀lù ni, wọ́n á ní kí n lọ fẹ́ bọ́ọ̀lù."

Ràsáàkì kò lè jẹun mọ́. Ó ń rí ife nínú ọbẹ̀. Ó ń rí ara rẹ̀ tó ń fò sókè, tí gbogbo Ṣakí ń pariwo Onídùúró. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ dé, gbogbo èèyàn ti lọ kírun, abẹ́ igi ṣófo. Òun nìkan àti ẹ̀rọ ló kù. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ògiri. Kò sí ẹni tó máa bi í léèrè àmì, òun ló ni òfin.

Ó yí ohùn padà bíi ti aláìsàn. "Abíọ́nà, àlejò kan wà níbí, Òkè ará Ìrawọ̀. Mo dúró fún un. Óvà." Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́? Óvà."

Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó wá di Òkè. "Ẹ sọ fún Bàbá Àsíátù pé ibà ti gbé Ràsáàkì dè. Kò ní lè wá sí ọ̀wẹ̀. Ohùn tó fi dúró fún mi yẹn ló gbẹ̀yìn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Óvà."

Ó pa ẹ̀rọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ohùn tó gbẹ̀yìn. Ó tiẹ̀ yin ara rẹ̀ lórí ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní Sátidé, ó ti wọ aṣọ bọ́ọ̀lù sọ́rùn nígbà tó rántí pé ìbọ̀wọ́ òun wà nínú yàrá ẹ̀rọ. Ó wọlé lọ mú un. Àwọn abẹ́ igi ti pé síbi tí wọ́n máa ń wà. Ẹ̀rọ ń han.

"Ṣakí, Ṣakí, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀." Abíọ́nà ni, ohùn rẹ̀ ò lélẹ̀. "Ẹ sọ fún àwọn ará ilé Ràsáàkì pé àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀. Bàbá Àsíátù ti ní kí gbogbo ahunṣọ àdúgbò sọ iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gba ọkọ̀ akẹ́rù. Àlùfáà wọn ti gbé ìgò omi hàǹtú, omi àdúrà, dání. Ìkòkò àgbo méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní bí kò bá lè gbé e mì, àwọn á dì í mú. Óvà."

Wọ́n máa bá Ràsáàkì lórí pápá. Gbogbo ahunṣọ Ìsẹ́yìn á dúró lẹ́yìn ilé gólì, pẹ̀lú àgbo. Ó sáré tẹ ẹ̀rọ.

"Abíọ́nà, èmi ni. Ara mi ti yá. Sọ fún wọn kí wọ́n má wá. Óvà."

"Ìwọ ta ni? Óvà."

"Ràsáàkì ni. Óvà."

"Ràsáàkì kò lóhùn. Onídùúró fúnra rẹ̀ ló dúró fún ẹni tó wí bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ ni gbájúẹ̀ tó fẹ́ gba àgbò níjọ́sí? Àmì rẹ dà? Óvà."

Àwọn abẹ́ igi ti gbé etí sójú fèrèsé.

"Àmì ni pé Àsíátù bù mí lómi. Óvà."

"Ìyẹn ti kú. Gbogbo Ìsẹ́yìn ló mọ̀ ọ́n. Óvà."

"Àmì ni pé ó ní mùsítáṣì mi ò tíì kún. Óvà."

"Òkú ni. Kò sì tíì kún, a gbọ́. Óvà."

"Abíọ́nà, ṣé o ò mọ ohùn mi ni? Óvà."

"Ẹni tó kọ òfin yìí kò kọ ohùn sí i. Óvà."

Ohùn kẹta bá wọn dá sí i. "Àgọ́-Àmọ̀dù nìyí. Ẹ dákun, ṣé a ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù yìí? Óvà."

Ẹ̀rín pa àwọn abẹ́ igi kú. Ọ̀gá Mákindé ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò ó láti orí dé bàtà bọ́ọ̀lù. Inú ẹ̀rọ, lẹ́yìn ohùn Abíọ́nà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kùn.

Ohùn mìíràn wá wọlé, ohùn tí Ràsáàkì mọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Àsíátù ni. Ó ń sunkún.

"Bí ẹ bá mọ bó ṣe wà, ẹ sọ fún mi. Bí ó bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Mi ò sùn. Óvà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, títí di ìgbà yẹn, eré ni Ràsáàkì ka gbogbo rẹ̀ sí. Ẹkún yẹn ló mú un láyà. Kò rántí ife mọ́. Ojú tì í, ó fẹ́ràn ọmọ yìí, ó sì mọ̀ pé òun lòun pa á lẹ́kún. Bí òun kò bá sọ òótọ́, wọ́n á dé, wọ́n á bá a, Àsíátù á sì bọ́ lọ́wọ́ òun títí ayé. Bí òun bá sì sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó bọ́ náà. Àmì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sí etí kẹta tó gbọ́ ọ rí. Àmì yìí gan-an ni kì bá fẹ́ kí Bàbá Àsíátù gbọ́ láéláé.

Ó bọ́ jígí dúdú sílẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ.

"Àsíátù, àmì ni pé lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí bàbá lọ kírun, mo jókòó sídìí òfì wọn."

Kò ní "óvà", ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mò ń fi ṣeré. Mo já òwú aṣọ tí wọ́n ń hun fún Lèmọ́mù, ó sì tú. Ìwọ lo tún un so. Nígbà tí bàbá dé, o ní ìwọ lo já a, wọ́n sì bá ọ wí títí o fi sunkún. Mo dúró síbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀pà, mi ò sọ nǹkan kan. Èmi ni, Àsíátù. Ara mi le. Kò sí ibà kankan. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá. Óvà."

Ohùn àgbàlagbà kan ló dún láti Ìsẹ́yìn, jẹ́jẹ́.

"Ẹ pa ọkọ̀ yẹn." Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. "Ràsáàkì, Bàbá Àsíátù ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Òkè ará Ìrawọ̀ tí o dúró fún, ta ni? Óvà."

"Kò sí Òkè, bàbá. Èmi ni Òkè. Ẹ forí jì mí. Óvà."

Ẹnì kan ní Ọ̀tu gbàgbé pé òun tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgbáròkó.

"Mo gbọ́," ni Bàbá Àsíátù wí. "Ìwọ tí o ti ń dúró fún gbogbo èèyàn, o dúró fún ẹni tí kò sí. Mo fẹ́ fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́. Ta ni yóò dúró fún ìwọ? Óvà."

Ràsáàkì yíjú sí fèrèsé. Àwọn tó ń gbé wàrà wá fún un ń wo ewé dóńgóyárò. Àlùfáà ọjọ́sí ń ka tẹ̀sùbáà. Ọ̀gá Mákindé ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Olúfẹ́mi, tó wá mú un lọ pápá, lóun á gbìyànjú, ó sún mọ́ ẹ̀rọ. "Ní ti bọ́ọ̀lù, bàbá, mo dúró fún un. Óvà."

"Mi ò béèrè bọ́ọ̀lù. Óvà."

Ràsáàkì jókòó sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ti ń sọ fún tẹrú tọmọ báyìí lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kan òun.

"Mo dúró fún un. Óvà."

Àsíátù ni. Kò sunkún mọ́.

"Ìwọ?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Lẹ́yìn tó jẹ́ kí n bá ọ wí lásán? Àmì wo lo rí lára rẹ̀? Óvà."

Àsíátù ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ṣíwọ́ lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́, ó wá fẹnu sí bàbá létí. Ní Ṣakí, ní Ọ̀tu, ní Àgọ́-Àmọ̀dù, wọ́n dẹtí, wọ́n tún dẹtí sí i, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbọ́.

Nígbà tí bàbá padà wá, ẹ̀rín wà lábẹ́ ohùn rẹ̀. "Mo gba àmì rẹ̀. Ràsáàkì, ebè mi ń dúró dè ọ́. Má kó ọ̀rẹ́ kankan wá. Kí ìwọ àti Òkè nìkan wá kọ ọ́. Óvà."

Aṣọ bọ́ọ̀lù ló wọ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ó kọ ebè títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ láti nà. Àwọn ahunṣọ tí ọkọ̀ kò gbé lọ mọ́ wá jókòó sétí oko, wọ́n ń mu àgbo tí wọ́n sè fún un, bí ó bá sì ti sinmi, wọ́n á pariwo pé, "Òkè, ó kàn ọ́. Óvà." Ní ti bọ́ọ̀lù, Mọ́ládé ló wọlé gólì. Ibi tó ti ń sá ni bọ́ọ̀lù ti bà á lẹ́yìn, tó ta padà, bí wọ́n ṣe gba ife nìyẹn. Ràsáàkì kò tíì gbàgbé ìyẹn.

Wọ́n so òun àti Àsíátù pọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Kò sì tún dúró fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ mọ́ láìgba àmì, ìbáà jẹ́ àlùfáà, ìbáà jẹ́ ọ̀gá. Ohun tó fẹ́ kí n sọ fún yín kò ju ìyẹn lọ: bí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ láìwádìí, ẹ má fi ṣeré.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo bi Àsíátù léèrè ohun tó sọ sí bàbá rẹ̀ létí. Ràsáàkì dáwọ́ oúnjẹ dúró, òun náà ń retí rẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, kò tíì gbọ́ ọ.

Àsíátù wo ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bu ọbẹ̀ sí i fún un.

"Òfin yín ni," ó ní. "Bí etí kẹta bá gbọ́ ọ, ó ti kú nìyẹn. Èmi ṣì ń lò ó."